Bí A Ṣe Ń Dárí Ji Ẹni Tó Ṣẹ̀ Wá Nígbà Tí Àwọn Àgbà Ilé Jìnnà sí Wa

Nígbà tí tọkọtaya bá jà ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ náà kì í sábà pẹ́ kó tó dé etí ẹni tó lè dá sí i. Bàbá ìyàwó lè yà wọ́n wò ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ lè máa gbé nínú ọgbà kan náà, ìyá àgbà kan ní àdúgbò sì lè rí i lójú wọn pé nǹkan ò lọ déédéé. Ní Àbújá, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Kubwa, ní Lugbe tàbí ní Mararaba tó bá Àbújá pààlà lè bá ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ yan odì fún oṣù kan gbáko láìsí ẹni tó mọ̀, nítorí pé aládùúgbò ọwọ́ ọ̀tún lè jẹ́ Tiv, tọwọ́ òsì lè jẹ́ Ígbò, kálukú ló sì ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí àwọn àgbà bá wá gbọ́ níkẹyìn, orí fóònù ni wọ́n ti ń parí rẹ̀: wọ́n á ní kí ọkọ ṣe sùúrù, wọ́n á ní kí ìyàwó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, wọ́n á gbàdúrà, ìpè á sì parí. Ariwo á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò tíì sinmi.

Àwọn tó wà nírú ipò yẹn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà ọkọ ló ṣẹ̀ wọ́n ni o, tàbí ìyàwó, ọ̀rẹ́, tàbí ọmọ ìyá. Ohun tó dá mi lójú, tí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sì dúró lé, ni pé ènìyàn kò lè dárí ohun tí kò tíì jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ pé ó dun òun jì. Ìdáríjì tí wọ́n fi ìkánjú gbà lọ́wọ́ ènìyàn kí ọ̀rọ̀ tó tán nínú rẹ̀ a máa padà yọ bí ìbínú lórí nǹkan mìíràn, lórí iyọ̀ tó pọ̀ nínú ọbẹ̀, lórí owó epo jẹnẹrétọ̀, lórí ọmọ tó pẹ́ dé láti ilé ìwé.

Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fẹ́ dárí jì nítorí wọ́n rò pé bí àwọn bá ti dárí jì, àwọn ti gbà pé ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn kò burú nìyẹn, tàbí pé ó ti di dandan kí gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Robert Enright, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wisconsin tó wà ní Madison ní Amẹ́ríkà, ti ń ṣèwádìí lórí ìdáríjì láti àwọn ọdún 1980, ó sì ti tẹnu mọ́ ọn lọ́pọ̀ ìgbà pé ìdáríjì yàtọ̀ sí ìlàjà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan lè dárí jì nínú ọkàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ń tún àjọṣe ṣe, ẹni tó ṣẹ̀ sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe níbẹ̀.

Everett Worthington, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Virginia Commonwealth University ní Amẹ́ríkà, tún la ọ̀nà kan tó ràn mí lọ́wọ́ láti lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ìdáríjì méjì ló wà: èyí tí a fi ìpinnu ṣe, àti èyí tí ọkàn fúnra rẹ̀ gbà. Ènìyàn lè ṣe ìpinnu lónìí, kí ọkàn má sì tẹ̀ lé e títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹni tó jókòó sínú ìwé lásán, nítorí pé nígbà ọdún tuntun 1996, ẹnì kan fọ́ ilé ìyá rẹ̀, ó sì pa ìyá náà. Ìgbà tí ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìdáríjì tẹ́lẹ̀ ni ọ̀ràn yìí dé bá a, ó sì ní láti fi ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ènìyàn ló ń dá ara wọn lẹ́bi. Wọ́n ti sọ pé àwọn dárí jì, wọ́n ti gbàdúrà, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí ẹni náà, inú wọn á tún gbóná, wọ́n á wá rò pé irọ́ ni ìdáríjì àwọn. Kì í ṣe irọ́. Ìpinnu ti ṣáájú, ọkàn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ ka gbogbo ohun tó dùn yín, ẹ má fo ọ̀kankan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ìyàwó ilé kan ní Lugbe pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àríyànjiyàn lórí owó ìsìnkú ṣẹlẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí ọkọ rẹ̀, ọkọ sì kọ ọ́ síbẹ̀, níṣojú bí ogójì ènìyàn, pé kí wọ́n má retí ohunkóhun láti ilé òun nítorí òun nìkan ló ń bọ́ gbogbo wọn, ìyàwó òun kàn ń jẹun ni. Àbúrò ọkọ kan fi àwòrán ẹ̀rín sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ kọ ọ́ pé, "Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, kí Ọlọ́run jí wa ire," ọ̀rọ̀ sì yí padà. Ìyàwó náà wà nínú gúrúùpù yẹn. Ó kà á tán, ó dojú fóònù dé, ó sì lọ bo oúnjẹ ọkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá bi í léèrè ní ọjọ́ kejì pé kí ló dùn ún, yóò ní ọ̀rọ̀ tí ọkọ òun kọ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ẹ̀rín àbúrò ọkọ wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ tó rí i tí kò bá ọmọ rẹ̀ wí wà níbẹ̀. Owó ilé tí òun san lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ó ta ẹ̀gbà ọrùn wúrà rẹ̀ nítorí ọwọ́ ọkọ kò tó o, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n má bàa fojú tín-ín-rín ọkọ òun, ìyẹn gan-an ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ó bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí, ọkọ sì tú tirẹ̀ síta. Bó bá dárí ji ọ̀rọ̀ tí ọkọ kọ nìkan, àṣírí tó bò yẹn yóò ṣì máa jẹ ẹ́ nínú, kò sì ní mọ ìdí tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ ọ́. James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ìwádìí kan tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí èyí, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1986. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan kọ̀wé nípa ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù láyé wọn, fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra. Inú àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn bàjẹ́ sí i ní àsìkò tí wọ́n ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, lílọ tí wọ́n ń lọ sí ilé ìwòsàn ilé ìwé kò tó ti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kọ̀wé lórí nǹkan lásán. Ẹ má jẹ́ kí ìrora ọjọ́ kìíní lé yín sá.

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí Yorùbá bá ni èdè tí ẹ fi ń sunkún. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́, kí ẹ tó kọ bó ṣe rí lára yín. Ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù tí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ yín lè ṣí, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ibi ìkọ̀kọ̀ nínú ilé, nítorí pé yàrá méjì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé pẹ̀lú ọmọ àti àlejò, ẹ lè dúró sínú ọkọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó wọlé, tàbí kí ẹ jókòó sí ibi iṣẹ́ lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ.

Ṣíṣe ìpinnu

Kí ẹ tó pinnu, ó dára kí ẹ mọ ohun tí ìbínú tí a dì sínú ń ṣe fún ara. Nínú ìwádìí tí Charlotte vanOyen Witvliet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hope College ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2001, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń ronú nípa ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n pẹ̀lú kùnsínú, ọkàn wọn máa ń lù kíkankíkan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń gòkè, wọ́n sì máa ń làágùn ju ìgbà tí wọ́n bá ń ronú bí ẹni tó ń dárí jì. Ẹni tó ń dùbúlẹ̀ lálẹ́, tó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ọkàn rẹ̀, tó ń dá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lóhùn bó ṣe yẹ kó ti dá a lóhùn, ara rẹ̀ wà lójú ìjà bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló wà.

Ìpinnu náà gbọ́dọ̀ ṣe pàtó. "Mo ti dárí jì ọ́" nìkan kò tó, nítorí kò sọ ohun tí ẹ kò ní ṣe mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé: n kò ní gbẹ̀san, n kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ohun ìjà nígbà tí a bá ń jà lórí nǹkan mìíràn, n kò ní fi sọ́kàn àwọn ọmọ, n kò ní máa ro ó fún gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè àlàáfíà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ohun tí ìpinnu yẹn kò kàn. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse, tó fi owó ilé kíkọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní ìlú wọn, tí àbúrò náà ná an, lè dárí ji àbúrò rẹ̀ tọkàntọkàn, kó sì tún pinnu pé láti ìsinsìnyí lọ, ọwọ́ ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù ni òun yóò máa sanwó sí tààrà. Kò sí ìkórìíra nínú ìyẹn. Ìgbẹ́kẹ̀lé ń padà wá bí ẹni tó bà á jẹ́ bá ṣe ń ṣe dáadáa lórí nǹkan kékeré, kí a tó tún fi ńlá lé e lọ́wọ́.

Àti Mùsùlùmí àti Kristẹni láàárín wa ló mọ ìtàn Yúsúfù, tí àwọn kan ń pè ní Jósẹ́fù, ẹni tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà sẹ́rú. Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fò dé ibi tí ó ti dárí jì wọ́n. Bí ẹ bá ka ìtàn náà nínú Jẹ́nẹ́sísì, ẹ óò rí i pé Jósẹ́fù kò sọ ẹni tí òun jẹ́ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó dán wọn wò, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á tún fi Bẹ́ńjámínì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fi òun sílẹ̀, ó sì sunkún níkọ̀kọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń fi ìtàn yìí kán lójú kó lè tètè dárí jì, kó rántí gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ óò ṣe bá ẹni náà sọ̀rọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni tó ṣẹ̀ yín bá wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú yín, ẹ má fi ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, nítorí yóò gbọ́ ìbínú inú rẹ̀, kò sì ní rí omijé. Ẹ yan àkókò. Ẹni tó kúrò níbi iṣẹ́ ní Garki, tó lo wákàtí méjì kó tó dé Nyanya, tí kò tíì jẹun, kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo ní alẹ́ yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn ọmọ tàbí àlejò bá kún ilé, ẹ lè jáde lọ jókòó ní Millennium Park tàbí sí etí odò Jabi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ yín, tí kò sì ní rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti pariwo.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó ṣe fún yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ìyàwó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè lè wí pé: "Bàbá Tóbi, nígbà tí ẹ kọ ọ́ sí gúrúùpù pé mo kàn ń jẹun ni, ojú tì mí níwájú àwọn ẹbí yín. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè gbé ìpè màmá mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi tún un ṣe níbi tí ẹ ti sọ ọ́." Kò pe ọkọ rẹ̀ ní ìkà, kò sì kó ẹ̀ṣẹ̀ ọdún márùn-ún jọ. Ó sì ṣòro láti jiyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹ bá nílò ẹni kẹta, ẹ fara balẹ̀ yàn án. Àgbà inú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín ní Àbújá, ìmáàmù tàbí pásítọ̀ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bóyá ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún yín. Bó bá ń sọ tiwọn fún yín, yóò sọ tiyín fún wọn. Ẹ má sì mú ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó yín yá lówó, tàbí ẹni tí ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí ò ní pé bí mi ò bá bá ẹni tó ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé, "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú." Ẹni tó ń sọ "bí" kò tíì gbà pé òun ṣẹ̀. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má so àwáwí mọ́ ẹ̀bẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó pọ̀ tàbí ẹnu ẹ̀gbọ́n tó ń tì yín lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ sọ ọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ nìyí: ibi tí àbùkù bá dé ni ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Ẹni tó bú ìyàwó rẹ̀ níwájú ogójì ènìyàn, tó wá dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yàrá níbi tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì, kò tíì bẹ̀bẹ̀ tán, bó ti wù kí omijé rẹ̀ pọ̀ tó, nítorí pé ogójì ènìyàn yẹn ṣì ń fi ojú tó fún wọn wo obìnrin náà. Ohun tó yẹ kí ọkọ yẹn ṣe ni kó padà sínú gúrúùpù kan náà, kó sì kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ohun tí mo kọ síbí nípa ìyá Tóbi kò tọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Òun ló san owó ilé wa lọ́dún tó kọjá nígbà tí agbára mi kò gbé e. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo yín." Ó le láti kọ. Ó lè jẹ́ ohun tó le jù tí ọkùnrin náà yóò ṣe lọ́dún yẹn, nítorí ó tú ara rẹ̀ láṣìírí fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ owó ilé náà, nítorí àṣírí tirẹ̀ ni pẹ̀lú.

Níbi tí ìlàjà kò ti yẹ

Bí ẹni náà bá ń lù yín, tó ń halẹ̀ láti pa yín, tàbí tó ń fi ẹ̀bẹ̀ rọ́pò ìyípadà, tó ń bẹ̀ lónìí tó sì ń tún un ṣe lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wá ààbò. Òfin kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn, tí a mọ̀ sí VAPP, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àbújá. Kì í ṣe lílù nìkan ni òfin náà ń fìyà jẹ. Ó ka fífi ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwà dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lọ́kàn mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, Kóòtù Gíga sì lè pàṣẹ kí ẹni tó ń ṣe é má sún mọ́ ẹni tó ń ṣe é sí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé dandan ni kí ẹ padà sínú ilé náà kí ó tó hàn pé ẹ ti dárí jì, yálà àgbà ẹbí ni o tàbí olórí ẹ̀sìn, kò gbà yín nímọ̀ràn tó dára.

Bákan náà, bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wọlé, tí kò sí ohun tó ń dùn mọ́ yín, dókítà ni kí ẹ lọ rí. Bí ó bá wá ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kí ẹ kú, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí kí ó sì sìn yín lọ. Wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ sì wà ní Barnawa ní Kaduna fún àwọn tó wà lápá ibẹ̀. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ènìyàn di wèrè.

Nígbà tí ó bá tún padà wá

Yóò padà wá. Orin kan, ọjọ́ ìbí, òórùn lọ́fínńdà kan, tàbí kí ẹ kàn rí orúkọ ẹni náà lójú fóònù, lè gbé gbogbo rẹ̀ dìde. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjà tuntun nítorí rẹ̀, ẹ má sì sọ pé ẹ kò dárí jì. Ẹ mí kanlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ padà sí ìwé tí ẹ kọ, kí ẹ ka ìpinnu yín sókè. Bí ẹ bá rí i pé ohun tó dùn yín lọ́tẹ̀ yìí kò sí nínú èyí tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé ẹ fo nǹkan kan. Ẹ fi í kún un, kí ẹ sì pinnu lórí òun náà.

Àkókò tó máa ń nira jù fún àwa tí a wà níbí ni ìgbà tí a bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì, nítorí a óò bá ẹni tí a ti ń yẹra fún láti ọdún kan pàdé nínú àgbàlá kan náà. Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Jabi tàbí Utako, ẹ ti mọ bí ẹ óò ṣe kí i: kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ bó bá jẹ́ àgbà, kí ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí ẹ sì kọjá. Ẹ kò jẹ ẹ́ ní ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gígùn. Ẹ sọ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nínú ilé pé kó máa fojú sí yín. Bí ẹni náà bá sì gbé ọ̀rọ̀ náà dìde níwájú àwọn àlejò, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹ ti ṣe tán láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni, nígbà tí àwọn àlejò bá ti lọ.